Iye Tí Bàbá Treasure Ń Gbà

Èló ló ń gbà? Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń yẹ ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀ yìí wò, ewé kọ̀ọ̀kan, síwá, sẹ́yìn, mi ò rí i. Alhája Ruqoyah tún ti pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní ilé òun ní Ijoko ń dúró, àwọn bíríkìlà ti ṣe tiwọn tán, páìpù omi ló kù. Ó ní iye tí ọkọ mi máa ń gbà ni kí n gbà, òun ò ní bá mi ná an, òun náà mọ̀ pé opó ni mí. Opó. Ó dùn lẹ́nu ẹ̀ bíi súwíìtì. Kí n pe iye náà kó tó di ọ̀sán, àbí kóun wá ẹlòmíì.

Mo sì fẹ́ iṣẹ́ náà. Mi ò ní purọ́ fún ara mi. Oṣù kẹjọ rèé tí Bàbá Treasure ti kú, owó iléèwé ọmọ wà nílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ní Joju yìí nìkan kò gbé e mọ́. Múìdéènì tó bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án ní òun á ṣe é, kí n ṣáà ti mọ iye tí a máa pè. Iye ọjà, mo mọ̀ ọ́n. Páìpù ni mò ń tà, páìpù àti tánkì àti ẹ̀rọ omi àti gọ́ọ̀mù — ta ló fẹ́ kọ́ mi? Ti Múìdéènì, ó ti sọ iye tó ń gbà. Owó mọ́tò, kò ṣòro. Owó ọwọ́ pọ́lọ́ńbà gangan ni mi ò mọ̀. Bí mo bá pè é jù, Alhája á lọ. Bí mo bá pè é kéré, màá fi owó ara mi ṣe ilé fún un...

Ọdún méjìlélógún ni mo fi bá ọkùnrin gbé, mi ò mọ iye tó ń gbà. Ọ̀rọ̀ ìtìjú nìyẹn.

Ìwé ọmọ iléèwé ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó ń rùn gọ́ọ̀mù páìpù. Èmi ò mọ̀wé púpọ̀. Nọ́ńbà ni mo mọ̀, ọjà ló kọ́ mi. Lẹ́tà, mo máa ń ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, bí ẹni ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà. Ilé kan, ewé kan. Orúkọ onílé lókè, iye tí onílé san lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún, igba ẹgbẹ̀rún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó ná. Ó kọ "Joju". Èmi nìyẹn. Ọjà tó kó ní ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn. Kò kọ orúkọ mi, kò kọ ìyàwó mi — Joju, bíi pé ibùdókọ̀ ni mí. Ó kọ "Múìdéènì". Ó kọ "Mọ́tò". Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó kọ "Tèmi".

Iwájú "Tèmi", òdo.

Ewé kejì, òdo. Ewé kẹta, òdo, ó tún yí bírò lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ibì kan, ẹgbẹ̀rún méjì. Ibì kan, ìlà kékeré kan wà níwájú ẹgbẹ̀rún márùn-ún, mo gbé e fún Treasure kó kà á, ó ní Mọ́mì, ìyẹn ni pé dádì ló fi owó ara wọn kún un. Mo ní kó máa lọ. Ọmọ kò mọ bàbá rẹ̀. Ta ní í ṣiṣẹ́ gba òdo? Ó ń fi pamọ́ ni. Ó mọ̀ pé mo mọ nọ́ńbà, ó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan màá ṣí ìwé yìí...

Ṣebí mo ti sọ ọ́ nígbà tó wà láyé. Pé obìnrin kan wà níbì kan tó ń jẹ owó yẹn. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá láti Ìkirè ni mo ti sọ ọ́. Mo ní ọkùnrin tó ń jáde láago mẹ́fà, tó ń gbé ẹrẹ̀ wọlé lálẹ́, owó ẹ̀ dà? Èmi ni mò ń bọ́ ilé yìí, èmi ni mò ń ra ìrẹsì, èmi ni mò ń ra gáàsì. Ẹ̀gbọ́n ń wo ilẹ̀. Bàbá Treasure ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú báfù. Ó ń fọ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn lọ, ó ti mọ́ tipẹ́, ó ṣì ń fọ̀ ọ́.

Ó dáa. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ìyẹn. Iṣẹ́ Alhája ni mò ń ṣe báyìí.

Múìdéènì ní ilé Alhája àti èyí tí wọ́n ṣe ní Ilo-Awela lọ́dún tó kọjá, ọgbọọgba ni. Ewé Ilo-Awela rèé. Onílé san ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún. Joju, òjìlúgba. Múìdéènì, ogójì. Mọ́tò, ogún. Ó pé. Kò ṣẹ́ kù. Ó pé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e.

Ṣùgbọ́n Alhája kò ní san òjìlúgba yẹn. Ó mọ ọjà, á ti béèrè káàkiri. Òjìlúgba ni iye tí mò ń kọ fún Bàbá Treasure. Ẹlòmíì tó bá wọlé, mo lè ta páìpù fún un ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Òun, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni mò ń kọ fún un. Gbogbo ọjà, bẹ́ẹ̀ náà. Kì í ṣe ìkà. Onílé ló ń san án, mo ṣáà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Onílé tó ń kọ́lé, kí ni ẹgbẹ̀rún kan lójú rẹ̀? Kí owó onílé gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, ilé wa náà ló ń bọ̀. Ìyàwó pọ́lọ́ńbà wo ni kì í ṣe é?

Jẹ́ kí n fi iye ọjọ́ náà tún un ṣe, iye tí mò ń tà fún gbogbo ayé. Páìpù... ẹ̀rọ... tánkì kan... Mo tún un kà. Ọgọ́sàn-án.

Ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún. Fi ti Múìdéènì kún un. Fi mọ́tò kún un. Yọ ọ́ nínú ọ̀ọ́dúnrún. Ó ku ọgọ́ta.

Ó ku ọgọ́ta.

Rárá. Dúró ná. Múìdéènì sọ nǹkan kan lánàá tí mi ò fetí sí. Ó ní Màmá, ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ lọ béèrè iye ọjà lọ́wọ́ Mọ̀nsúrát kí wọ́n tó pe iye fún onílé, bí wọ́n bá sì ti pè é báyìí, ó tán, wọn kì í padà lọ sọ pé ó ti wọ́n sí i. Mọ̀nsúrát tó ń ta páìpù ní Ilo-Awela. Ó ń fi iye Mọ̀nsúrát pe owó fún onílé, ó ń wá ra ọjà lọ́dọ̀ mi ní iye tèmi. Kí ló dé tí kò kúkú rà á lọ́dọ̀ Mọ̀nsúrát...

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ó rà á rí. Ọ̀pá páìpù mẹ́rin péré. Mo rí i lórí ọ̀kadà, mo bọ́ síta, mo pariwo títí àwọn tó ń ta búrẹ́dì fi dìde. Mo ní ọkọ tó ní ìyàwó tó ń ta páìpù, ó ń gbé owó lọ fún obìnrin olóbìnrin. Kò tún rà á níbòmíì mọ́ títí ó fi kú.

Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ni àbí ẹ̀ẹ̀mejì? Ibi tánkì yẹn ló dúró sí. "Ìyá Treasure, bá mi dín in díẹ̀." Mo ní, "Ṣé ìwọ lo máa san án ni, àbí onílé?" Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ ni. Ó gbé páìpù, ó lọ.

Ọgọ́ta ní Ilo-Awela. Ní ewé tó ṣáájú, èló? Mi ò fẹ́ ṣe é. Ọwọ́ mi ń ṣe é. Ogójì. Èyí tó ṣáájú ìyẹn... Èrè tí mò ń kà níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi, tí mò ń sọ pé bí kì í bá ṣe ọjà tèmi, ebi ni ìbá pa wá. Ìrẹsì yẹn. Gáàsì yẹn.

Kò sí obìnrin kankan. Èmi ni obìnrin náà.

Kí ló dé tí kò sọ ọ́? Kó kàn sọ ọ́. Kó na ìwé yìí sí mi lójú. Kó bú mi. Àmọ́ mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ kan rí, ká sòótọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀, mo ti dá a lóhùn.

Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, dókítà ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Àádọ́ta ẹgbẹ̀rún. Ó wá síbí, ọ̀sán bíi báyìí, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń mí bí ẹni sáré. "Ìyá Treasure, yá mi ní àádọ́ta." Mo ní owó ọjà ni, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Mo ní kó lọ mú nínú owó iṣẹ́ ẹ̀ tó ń kó pamọ́. Ó wojú mi. Ó ní kò burú. Ó lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé.

Yá mi, ló wí. Kò sọ pé, "Fún mi." Yá mi — owó ara rẹ̀, lọ́wọ́ mi, ó ń tọrọ rẹ̀ bí àlejò, mo sì ní kò sí.

Múìdéènì ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní Màmá, Alhája tún ń pè o, wọ́n ní ṣé a ti rí iye tí ọ̀gá máa ń gbà.

Mo ti rí i. Iye tó yẹ kó gbà, mo ti rí i. Iye tó ń gbà... èmi ni mò ń gbà á.