Ìpara Tí Akunlé Bomi Là

Egbò kékeré kan wà létí ọmọbìnrin akunlé, ó ti pé oṣù mẹ́ta, kò jinná. Àfín ni ọmọ náà, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló sì ń ṣe, oòrùn ni ọ́fíìsì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara.

Dókítà náà, obìnrin tí kì í kánjú, yẹ etí náà wò pẹ́. Ó ní òun máa gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, nítorí irú egbò bẹ́ẹ̀ lè di jẹjẹrẹ. Ó wá ní kó mú ìpara tó fi ń dènà oòrùn wá.

Ọmọ yọ ọ́ nínú báàgì. Dókítà ka ara ìgò: nọ́ńbà agbára ìdènà rẹ̀ jẹ́ àádọ́ta, ó ń dènà ìtànṣán tó ń jó ara àti èyí tó ń wọnú awọ lọ, kò ní lọ́fínńdà, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ó ní ìpara gidi ni, ó wá béèrè bí ìgò kan ṣe máa ń pẹ́ tó.

"Oṣù mẹ́rin," ni ọmọ wí. "Bàbá mi ló ń bá mi rà á. Ẹ fún wọn ní garawa ọ̀dà kan, wọ́n á fi kun ilé méjì."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ń pa á dáadáa, tó sì ń tún un pa ní wákàtí méjì méjì, kò lè lò ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ó da díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó ń ṣàn.

"Wọ́n ti bomi là á. Ìyẹ̀fun funfun inú rẹ̀ ni ọgbà tó ń dá oòrùn dúró. Omi ti tú ọgbà náà ká."

Ọmọ ní òun máa yà nílé oògùn lọ́jọ́ náà gan-an, obìnrin tó ń tà á fún wọn á ṣàlàyé ara rẹ̀.

Akunlé mọ ohun tó ṣe. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìpara náà ki jù, ó ń funfun lójú ọmọ bí ẹfun, àwọn ará ibi iṣẹ́ sì ń pè é ní Ògiri Tuntun. Ọ̀dà tó bá ki, omi la fi ń là á kó lè tẹ́. Ó pín ìpara sí ìgò méjì, ó fi omi tó ti sè kún un, ó rò ó. Àmì funfun pòórá, inú ọmọ dùn. Ó gbàgbé pé ọ̀dà tí a bá bomi là, ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń kùn ún.

Bó bá dákẹ́, obìnrin olóògùn ló máa ru ẹ̀bi.

"Má lọ síbẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo bomi là á."

Ọmọ wò ó. "Láti ìgbà wo, bàbá mi?"

"Láti ìgò kejì tí mo rà."

Ọmọ yí etí sí dókítà, ó ní kó máa gé e.