Ìgò Epo Kan fún Àjọkẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ìgbéraga, kó lọ bá ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń sin ẹṣin ní Mushin. Àkàngbé kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó má rán an létí pé bàbá tó bí bàbá òun wà lára àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin láàfin, àti pé kí òun tó mọ̀wé kà ni òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìjánu sí ẹṣin lẹ́nu. Kò purọ́. Ohun tí kì í fi kún un ni pé Èkó ni wọ́n bí òun sí, pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni òun dé Ọ̀yọ́ rí, àti pé ìsìnkú ló gbé òun lọ lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀.

Ẹṣin kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni Àjọkẹ́, abo ẹṣin pupa rúsúrúsú kan tí funfun wà níwájú orí rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀, níbi tí Mushin ti ń di Ìdí-Àràbà, ló kan ilé páànù sí fún un. Lọ́jọ́ ọdún àti lópin ọ̀sẹ̀, á mú un lọ sí iwájú pápá ìṣeré ní Surulere, àwọn ọmọdé á gùn ún, àwọn òbí wọn á máa ya fọ́tò. Àkàngbé ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìlú òyìnbó, nítorí náà Àjọkẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀ kó tó kí ènìyàn. Kì í ṣe òun nìkan ló sì ń bọ́ ọ. Ẹlòmíì á mú èèpo bàrà wá, ẹlòmíì á mú ewé ẹ̀pà wá. Àmúdàtù, obìnrin tó ń ṣe ògì ní ìkángun àdúgbò, eèrí ló máa ń gbé wá ní tiẹ̀. Àkàngbé máa ń sá eèrí náà kó gbẹ, á wá fi ìwọ̀nba rẹ̀ sínú oúnjẹ ẹṣin.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, Àkàngbé lọ sí ìpàdé àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Àmúdàtù gbé garawa eèrí wá, kò bá a nílé. Eèrí ọjọ́ mẹ́ta ni, ó ti kan, ó ti ń hó. Obìnrin náà rò pé oore lòun ń ṣe, ó da gbogbo rẹ̀ sí Àjọkẹ́ níwájú, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Àkàngbé jí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àjọkẹ́ ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀, ó ń yíjú wo ìhà ara rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan ń bù ú jẹ níbẹ̀. Òógùn bò ó. Kò sí ìgbẹ́ tuntun kankan nílẹ̀. Àkàngbé rí garawa òfìfo, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú rírun ni, irú èyí tó máa ń pa ẹṣin láàárín ọjọ́ kan. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe Dókítà Jael.

Jael yìí, ọmọ Tíṣà Caroline ni, nílé kẹta sí ilé Àkàngbé. Nígbà tó wà ní kékeré, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta tó bá ti ibi ìdánrawò orin ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ̀yìnkùlé Àkàngbé ló ń gbà lọ. Àkàngbé á gbé e gun ẹṣin tó ní nígbà náà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ́ ọ pé ẹ̀gbẹ́ ni a ti ń sún mọ́ ẹṣin, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé pátákò rẹ̀ sókè wò, àti bí etí ẹṣin ṣe ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún tí ọmọ náà wọ yunifásítì láti kọ́ ìṣègùn ẹran, inú ilé ẹṣin ló ti wá kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá Ẹlẹ́ṣin, ẹ̀yin lẹ fà á o.” Láti ọjọ́ náà ni ìtàn Jael ti wá kún ìtàn ààfin lẹ́nu Àkàngbé. Ní báyìí Jael ti ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ ní Yaba. Ajá ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Jael bi í ní ìbéèrè díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní ajá kan wà lórí tábìlì níwájú òun tí òun ti fi abẹ lé lára, òun kò lè fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun á dé láàárín wákàtí kan ààbọ̀. Ó ní kó máa fi okùn rin Àjọkẹ́ jẹ́jẹ́, kó má jẹ́ kó yí nílẹ̀.

“Ẹ má fún un ní nǹkan kan lẹ́nu o, Bàbá. Omi gan-an, ẹ má fún un.”

Àkàngbé ní òun ti gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ó mọ̀ pé ẹṣin kì í bì, pé ohun tó bá ti kọjá ọ̀fun rẹ̀ kò mọ ọ̀nà àbọ̀. Ṣebí Jael fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé rẹ̀ fún un nígbà tó wà nílé ìwé, tí wọ́n jọ jókòó sórí àpótí tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ó rìn ín yípo ẹ̀yìnkùlé fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà Àjọkẹ́ wó lulẹ̀, ó ń kérora bí ènìyàn. Àmúdàtù ti sáré dé, ó ń sunkún pé òun ti fún ẹṣin ní májèlé. Ọ̀rọ̀ májèlé yẹn ló da gbogbo nǹkan rú. Yorùbá wo ló máa gbọ́ májèlé tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní lọ sí ìdí epo? Àkàngbé rántí pé bàbá òun ti rọ epo fún ẹṣin kan rí, tí ẹṣin náà sì dìde. Kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ kejì, nítorí ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Ó ní kí Àmúdàtù bá òun mú ìgò epo pupa wá láti ilé ìdáná. Ó gbé orí Àjọkẹ́ sókè, ó ti ìgò bọ igun ẹnu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́.

Àjọkẹ́ wúkọ́. Epo gba imú rẹ̀ jáde. Àkàngbé tún rọ díẹ̀ sí i, ẹṣin tún wúkọ́, ó gbọn orí, ó sì dìde dúró. Àmúdàtù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sáré padà sídìí iná ògì rẹ̀.

Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ Màrúwà tó gbé Jael wá fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó rán Àkàngbé níṣẹ́ ohun tó ṣe tẹ̀ lé e. Ó mú aṣọ tútù, ó nu imú ẹṣin àti ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ju ìgò sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Ojú ló ń tì í. Àgbàlagbà tó kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú lókè ẹṣin, báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ náà pé ohun kan ṣoṣo tó ní kí òun má ṣe ni òun ṣe?

Jael wọlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó gbọ́ àyà ẹṣin, ó ká ètè rẹ̀ sókè wo àwọ̀ èrìgì rẹ̀, ó fi etí lé ikùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Ó wá yọ rọ́bà gígùn tó máa gba imú lọ sínú ikùn. Kó tó tì í bọ imú ẹṣin, ó yíjú sí Àkàngbé.

“Bàbá Ẹlẹ́ṣin, ẹ ò fún un ní nǹkan kan lẹ́nu?”

“Rárá o,” ni Àkàngbé wí. “Ṣé èmi ni wọ́n máa kọ́ níyẹn?”

Jael rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Rọ́bà wọlé, afẹ́fẹ́ tó ń rùn tú jáde, omi eèrí àgbàdo pupa sì ń dà sínú garawa, tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ bóyá epo wà nínú rẹ̀. Jael gba inú rọ́bà náà da òróró ìwòsàn tí kò láwọ̀ sí i nínú, kó lè yọ ohun tó há síbẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, Àjọkẹ́ ti yàgbẹ́. Àkàngbé fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí ni ìwúlò ọ̀rọ̀ epo mọ́, nígbà tí ara ẹṣin ti dá.

Àjọkẹ́ jẹ koríko lọ́jọ́rú. Lọ́jọ́bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, kò jẹun mọ́, ara rẹ̀ gbóná, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ bó ti ń mí, ohun tó ń jáde níbẹ̀ sì ń rùn. Jael dé, ó gbọ́ àyà rẹ̀ pẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní nǹkan ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní abẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́.

“Ká ní mo mọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni,” ni Jael wí, “ọjọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí.”

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè Àkàngbé níbẹ̀. Ó gbé e mì. Ó ní ó di ọ̀la, bí ara Àjọkẹ́ bá balẹ̀ díẹ̀. Ọ̀la dé, ara kò balẹ̀.

Àjọkẹ́ kú lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Jael ti sáré wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀ sínú koríko pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ó gbé orí ẹṣin lé itan títí tó fi dákẹ́. Kò sunkún lákọ̀ọ́kọ́. Ó ṣàlàyé, bí ọmọ ilé ìwé tó ń jẹ́wọ́ níwájú olùkọ́, pé ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ọ̀fun ẹṣin, pé bí dókítà kò bá ṣọ́ra, rọ́bà á ya ọ̀nà, ohun tó bá sì dà sí i á bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

“Ọwọ́ mi ló fà á, Bàbá. Mo rò pé mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.” Ìgbà yẹn ló wá bú sẹ́kún.

Àkàngbé la ẹnu. Ohun tó tibẹ̀ jáde ni, “Ọlọ́run ló ni ín, ọmọ mi.” Irọ́ kejì nìyẹn, ó kàn fi aṣọ àdúrà bora ni. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò lè jẹun lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́.

Ẹnu àdúgbò kò sì ní ìdérí. Wọ́n ní ọmọdébìnrin yẹn ló pa ẹṣin Bàbá, pé ìtọ́jú ajá ni wọ́n kọ́ ọ, kí ló gbé e dé ìdí ẹṣin. Wọ́n ń sọ ọ́ níwájú Àkàngbé, Àkàngbé ń wo ilẹ̀. Àmúdàtù náà ń wo ilẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ eèrí ti dí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni Àkàngbé gbọ́ pé Jael kì í gba ẹṣin mọ́, pé ẹni tó bá pè é nítorí ẹṣin, ọ̀dọ̀ dókítà míì ló ń darí rẹ̀ sí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì, Àkàngbé ń gbá ilé ẹṣin tí kò sẹ́ṣin nínú rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀. Tíṣà Caroline ni, Jael sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ni Tíṣà. Ìdajì àdúgbò náà ló kọ́ ní ìwé, kò sì sẹ́ni tó tíì rí i kó tẹ orúnkún fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn àwọn òbí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ di ògiri páànù mú, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀. Jael kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tíṣà ní àwọn wá bẹ̀bẹ̀ ni. Ó ní ọmọ kì í ṣẹ̀ kí òbí rẹ̀ jókòó sílé. Ó ní òun mọ ohun tí Àjọkẹ́ jẹ́ fún un, àti pé kò sí bí wọ́n ṣe lè san án padà, ṣùgbọ́n ọmọ òun kì í sùn mọ́, bí Àkàngbé bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti forí jì í, bóyá ara á tù ú.

Àkàngbé ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. “Tíṣà, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo rọ epo sí i lẹ́nu.”

Kò sẹ́ni tó dìde. Jael gbé ojú sókè.

“Ọjọ́ wo?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Kó o tó dé.”

“Ó wúkọ́?”

“Ó wúkọ́. Ó gba imú jáde.”

“Mo bi yín léèrè.”

“O bi mí.”

Jael na ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún síwájú ara rẹ̀, ó wò ó bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà fún un.

“Abẹ́rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró yẹn wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà, Bàbá. Odidi ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣòfò.”

Ó dìde, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ìyá rẹ̀, ó gbé e dìde kúrò nílẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní ìró rẹ̀. Àkàngbé ṣe ohun tí ẹni ọdún rẹ̀ kì í ṣe fún ọmọ tó gbé gun ẹṣin rí: ó dọ̀bálẹ̀. Bí àgbà bá ń lọ sílẹ̀ báyìí, kò ní dé ìdajì kí ọmọdé tó sáré dì í mú, kó ní kí Bàbá má ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, Àkàngbé náà sì mọ̀ ọ́n. Ó fi ọwọ́ gúnlẹ̀, ó dúró díẹ̀. Ó fi orúnkún kanlẹ̀, ó tún dúró. Ó wá fi àyà lélẹ̀ tán pátápátá, ojú rẹ̀ sínú ekuru, ó sì ń retí kí ẹnì kan ní kí òun dìde.

Jael dúró, ó jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ délẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì lọ sílé.