Ìmọ́lẹ̀ Láti Orí Òrùlé

Ọdún méjìdínlógún ni ilé ìtajà alájà méjì tó wà láàárín òpópónà ìlú fi wà ní títì pa. Koríko hù lára ògiri rẹ̀, àwọn ẹyẹlé sì di onílé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn máa wó o, káfíńtà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Ìwọ̀n, torí pé kì í gé pákó láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un ṣe. Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Ibẹ̀ ló fẹ́ kó ti máa ránṣọ. Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n ní bí oṣù mẹ́fà bá pé tí iṣẹ́ ò parí, katakata á wá wó o.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín?" ni ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ bi í. Àfìgbà tó nu eruku ojú káńtà ibẹ̀, tó rí i pé èèyàn lè tẹ́ odidi ọ̀pá aṣọ mẹ́fà sórí ẹ̀ láìṣẹ́ ẹ po. Ló bá yí ohùn padà. "Bàbá àwọn ọmọ, irinṣẹ́ yín dà? Kí lẹ tún ń dúró dè?"

Oríṣi ọ̀dà mẹ́rin ni wọ́n ha kúrò lára ilẹ̀kùn kí wọ́n tó kan igi. Wọ́n pààrọ̀ pákó tí ikán ti jẹ, wọ́n sì lé àwọn ẹyẹlé tẹ̀bẹ̀tẹ̀bẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù mẹ́fà pé ni wolé-wolé dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò rí ẹ̀rín ẹ̀ rí. Ó wọlé, ó tan tọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án gangan.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ yín dára. Àmọ́ ibí yìí ṣókùnkùn bí inú àpò. Mi ò lè buwọ́ lù ú. Ẹ fọ́ ògiri iwájú, kẹ́ ẹ fi fèrèsé ńlá méjì sí i."

Káfíńtà yíjú sí ògiri náà. Ògiri iwájú gan-an lẹwà ilé náà: òdòdó tí àwọn ará ìgbàanì fi ọwọ́ ya sára sìmẹ́ńtì ló wà níbẹ̀. Ta ló máa gbé òòlù sí ìyẹn?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló rò ó fún màmá rẹ̀, tó ta bọ́tìnnì níbẹ̀ nígbà ọmọge.

"Òkùnkùn kẹ̀?" ni màmá wí. "A ò tan iná lọ́sàn-án níbẹ̀ rí. Orí òrùlé ni oòrùn ń gbà wọlé."

"Màmá, páànù ni òrùlé yẹn látòkè délẹ̀."

"Ṣé èmi ni mo kàn án ni? Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè rí i bó gungi. Ìwọ ṣáà ní àkàbà. Gùn ún!"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, káfíńtà tú sílìn àárín ilé, níbi tí àjà òkè ti ṣí sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó sì gun òrùlé. Lóòótọ́, páànù kan wà láàárín tí kò jọ àwọn yòókù, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ó yọ ìṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé e sókè. Gíláàsì! Gíláàsì méjìlá nínú férémù irin, ẹyọ kan ṣoṣo ló sán!

Ìmọ́lẹ̀ ya wọnú ilé bí ẹni da omi. Igbe ìyàwó rẹ̀ sọ láti ìsàlẹ̀: "Yéè! Ẹ má sọ̀kalẹ̀ o! Ẹ tú gbogbo ẹ̀!" Ó di ìdì òwú méjì mú, ó ń fò sókè. "Èyí dúdú, èyí búlúù! Àti ìjẹta ni mo ti ń pè wọ́n ní ọ̀kan náà!"

Wọ́n gbé màmá wá. Ó dúró sẹ́yìn káńtà, oòrùn dà lé e lórí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí wolé-wolé padà dé, ó wòkè títí, eyín rẹ̀ funfun báláú. Orí káńtà yẹn náà ló ti buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, èrò kún dé ojú títì. Alábúrẹ́dì tó wà ní ilé kejì fi èjìká la àárín wọn kọjá.

"Ọ̀gá Ìwọ̀n, bàbá mi máa ń sọ pé àtẹ̀gùn kan wà lẹ́yìn ògiri wa. A rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ẹ lè bá mi wò ó?"

"Ìgbà wo?"

"Nísinsìnyí!"

Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ti ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀. "Ẹ dúró dè mí o!" Ló bá ṣáájú wọn jáde.