Orúkọ Mọ́kàndínlógún

Orúkọ mọ́kàndínlógún náà ni kọ̀ǹpútà tún kó jáde. Ìgbà kẹfà nìyí láàárọ̀ yìí, orí Àrìnpé sì ti gbóná.

Ilé mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ní Àràròmí, létí òkun, kí ó tó kó orúkọ àwọn onílé sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí ètò tó fi JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà, kọ ní í ṣe kò ju kí ó ṣa àwọn tí òkun lé kúrò nílé sọ́tọ̀, kí ìjọba lè fún wọn ní ilẹ̀ níbi tí omi ò lè dé. Lánàá ló fi orúkọ mọ́kàndínlógún ránṣẹ́ sí Kingsley, akọ̀wé ìlú, tó sì sọ fún un pé ó ti pé. Òwúrọ̀ yìí ló tó rí i pé orúkọ ìyá òun ò sí níbẹ̀.

Ó ní kí ètò náà máa fi ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn kí ó tó mú un tàbí kí ó yọ ọ́. Moríkẹ́: ó yọ ọ́. Sàláúdéènì: ó yọ ọ́. Rhoda, ìyá rẹ̀: ó yọ ọ́. Ó wo iwájú orúkọ wọn. "A tú u" ló wà níbẹ̀. Ohun tó sì ní kí ètò máa wá ni "Òkun gbé e lọ."

Ètò ò ṣẹ̀, òun ló ṣẹ̀. Ó rántí bó ṣe ń bi wọ́n pé, "Ṣé òkun gbé ilé yín lọ?" tí wọ́n ń fi ìyangàn dáhùn pé, "Ká má rí i! A tú u kó tó dé." Ta ni ọmọ Ìlàjẹ tí ara rẹ̀ le, tí yóò jókòó kí omi wá kó pákó rẹ̀? Ńṣe ni wọ́n ń tú ilé, tí wọ́n ń dì í sínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì ń tún un kọ́ sẹ́yìn, jìnnà sí òkun. Àrìnpé mọ èyí kó tó mọ̀wé, ó sì gbàgbé.

Ó tún ìlà kan ṣoṣo kọ nínú ètò náà, kí ó lè máa wá "A tú u" pẹ̀lú. Mọ́kànlélọ́gọ́rin jáde. Ó sáré pe Kingsley.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ìjọba ní orúkọ wọ̀nyẹn!"

"Ẹ̀pa ò bóró mọ́, Àrìnpé. Ilẹ̀ mọ́kàndínlógún ni ìjọba gé fún wa. Ìlú mìíràn ti gba ìyókù."

Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, kó tó lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá wà lórí pèpéle, ó ń fi òòlù yọ ìṣó lára ògiri ilé ìdáná. Omi tún ti dé abẹ́ ilé.

"Ìyá mi, orúkọ yín ò sí níbẹ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Ìyá dá òòlù dúró. "Nítorí pé a tú u?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ǹ bá jẹ́ kí òkun kó pákó mi lọ ni, ọma mi?"

Pákó mẹ́rin ti wà nínú ọkọ̀, àwọn méjèèjì ò sì mọ ibi tí wọ́n ń kó o lọ. Àrìnpé gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, ó mú òòlù kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìṣó.