Ẹran Toyibat

Àárọ̀ mẹ́tàlélógún ni Toyibat fi lúgọ nínú igbó Àfọ̀n kí akọ àgbọ̀nrín méjì kan tó yọjú sí i bó ṣe fẹ́. Ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ó fi sú ẹ̀fọn.

Fọ́tò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ló fi ń jẹun ní Ayétòrò. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, òun náà sì mọ̀ pé ó mọ́ òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ò lè ya ìyàwó? Ìyàwó a máa dúró. Àgbọ̀nrín kì í dúró, àfi ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí akọ ń wá abo, tí ojú rẹ̀ kì í rí nǹkan mìíràn mọ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, akọ méjèèjì fi ìwo kọ́ ìwo. Wọ́n ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn, koríko ń ya lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, abo tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń jà sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń jẹ ewé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn án. Toyibat tẹ kámẹ́rà títí ìka fi ń ro ó. Nígbà tó wo ohun tó yà, ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó ya irú rẹ̀ rí ní gbogbo Yewa.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó ṣe jáde sí títì ló pàdé Nàfíù ọdẹ lórí ọ̀kadà, kò sì lè pa á mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan."

Nàfíù wò ó pẹ́. Kò wo ìwo, kò wo ìjà. Òkìtì ọ̀gán tó wà lẹ́yìn wọn ló ń wò, àti ibi tí òjìji dà sí.

"Òdìkejì odò nìyí, níbi ọ̀gán olórí méjì. Aago méje àárọ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ṣeun, àbúrò."

Toyibat fa kámẹ́rà rẹ̀ sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìbọn débi ẹran. Akọ méjì yìí nìkan ló kù nínú igbó yẹn. Bí wọ́n bá kú, a jẹ́ pé àgbọ̀nrín tán níbẹ̀ nìyẹn. Ó bẹ Nàfíù. Nàfíù bi í léèrè bóyá àwòrán ni kí ìyàwó òun fi se ọbẹ̀.

Toyibat ò sunkún. Ọmọ ọdẹ lòun náà, ó sì gbọ́ òfin wọn lẹ́nu bàbá rẹ̀ kó tó kú. Ó kọrí sílé Bàbá Ọláoyè, olórí ọdẹ Àfọ̀n, ó ní kí wọ́n bá òun ránṣẹ́ pe Nàfíù. Ìgbà tó dé, Toyibat bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, bí ọdẹ méjì bá yìnbọn fún ẹran kan, ta ló ni ín?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ bà á ni. Ẹlòmíràn ìbáà pa á, ó di dandan kó gbé e fún un."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ bà á." Ó gbé kámẹ́rà síwájú wọn. "Ẹ wo ọjọ́, ẹ wo aago."

Nàfíù bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, kámẹ́rà kì í ṣe ìbọn."

Bàbá Ọláoyè ò rẹ́rìn-ín. "Nàfíù, ọjọ́ mélòó lo fi ṣọ́ ẹran náà?"

"Mi ò tí ì ṣọ́ wọn, Bàbá."

"Ta ló fi wọ́n hàn ọ́?"

Nàfíù nawọ́ sí Toyibat.

"Ó ṣọ́ wọn, ó bà wọ́n, ó mú ẹ̀rí wálé. Kí ni ọdẹ tún ń ṣe? Pa wọ́n bí o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹran Toyibat lo pa. Lódindi lo máa gbé e lọ sílé rẹ̀ ní Ayétòrò, tawọ tìwo."

Ọkàn Toyibat balẹ̀. Kò sí ọdẹ tó máa fi ẹ̀tù ìbọn ara rẹ̀ pa ẹran fún ẹlòmíràn jẹ. Nàfíù tún wo àwòrán náà, lọ́tẹ̀ yìí ó wo ìwo, ó wo ìjà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Àbúrò, ibo gan-an lo jókòó sí tí wọn ò fi gbóòórùn rẹ?"

Toyibat pa kámẹ́rà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọdẹ máa ń sọ ìyẹn fún ọdẹ ni?"