Màrìwò Tí Dókítà Ọ̀pẹ Gé

Dókítà Ọ̀pẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú ọ̀pẹ ẹ̀ṣọ́ inú ọgbà àti ọ́fíìsì àwọn èèyàn, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bó bá ti wọlé oníbàárà báyìí, kó tó jókòó ló ti máa ki ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò ọ̀pẹ. "Ẹ ti fi omi pa á," ni yóò wí, onílé yóò sì máa wolẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká ẹran mọ́ lẹ́nu.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, kó sì lo oṣù kan lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ta ni ìbá tún fi ọ̀pẹ pálọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún? Ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí, tó ti di olóògbé, ló gbìn ín láti inú kóró, nínú agolo mílíìkì. Ọdún méjìlélógún rèé, imọ̀ rẹ̀ ti kan àjà.

"Àbúrò mi, ọwọ́ rẹ ló wà o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Lọ́jọ́ kan ó sáré débẹ̀, oníbàárà kan ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó rí i pé màrìwò àárín, ewé tuntun tí kò tíì ṣí, ti dúdú lórí. Ó yẹ kó kọ́kọ́ fà á díẹ̀: èyí tó bá jẹrà yóò yọ wẹ́rẹ́, èyí tó yè kò ní mì. Ojoojúmọ́ ló ń kọ́ àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù wà létí rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ló bá kàn ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ó gé e wọlẹ̀ títí dé ọkàn. Inú rẹ̀ funfun báláú, kò jẹrà rárá; orí nìkan ló dúdú.

Ó pa fóònù. Irú ọ̀pẹ yìí kì í yọ ẹ̀ka bí igi míì. Ibì kan ṣoṣo ló ti ń hu ewé, ibẹ̀ náà ló sì ti gé yìí.

Ó gbálẹ̀, ó di ohun tó gé sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ jù sí ìdalẹ̀nù àdúgbò mìíràn, bí olè.

Ẹ̀gbọ́n dé, ojú rẹ̀ ti ń ríran kedere. Àwọn imọ̀ àtijọ́ ṣì tutù yọ̀yọ̀, nítorí irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í tètè hàn lára ọ̀pẹ. Ó pe aládùúgbò méjì. "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò mi!" Ó ra bàtà tuntun fún un. Dókítà Ọ̀pẹ gbà á, ó dúpẹ́, ọrùn rẹ̀ ń gbóná bíi pé wọ́n dáná sí i lẹ́yìn.

Ní gbogbo Sátidé tó bá lọ kí i ló ń bá a tó ń fi àkísà tútù nu imọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó ń yí ìkòkò kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ lè rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ṣé kò ní mú tuntun jáde ni?"

"Ó ń sinmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, irọ́ náà rọrùn. Nígbà tó fi di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, kò lè wojú ẹ̀gbọ́n mọ́. Ìkòkò ló ń kọjú sí sọ̀rọ̀.

Nígbà tí imọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ̀gbọ́n ní kó jókòó. Omi ti lé ròrò sí i lójú.

"Má bínú sí mi. Èmi ni mo pa á. Mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, mo ń yọ́ bomi rin ín lẹ́yìn rẹ. Mo ti bẹ baálé mi níwájú fọ́tò rẹ̀. Ìwọ náà, dárí jì mí."

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, Dókítà Ọ̀pẹ ì bá wọ̀ ọ́. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sọ gbogbo rẹ̀: fóònù, ọ̀bẹ, ọ̀rá.

Ẹ̀gbọ́n wo ìkòkò náà.

"Ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ lọ."

"Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́rin." Ó nujú. "Ọwọ́ lè ṣàṣìṣe, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o jókòó síbí, ò ń wò mí, tí mò ń nu òkú?"

Ẹ̀gbọ́n ní kó dìde, kó máa lọ sílé. Kò pariwo, kò bú u. Ìbá tilẹ̀ sàn kó bú u.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ṣí i, ó nawọ́ sí ìkòkò. "Bá mi wọ́ ọ jáde. Mi ò lè ṣe é."

Ó wọ́ ọ lọ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tó padà, ó bá oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n bù dè é lórí tábìlì, àmọ́ ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ti wọ yàrá lọ. Ó jókòó tì í. Kò lè gbé òkèlè kankan sẹ́nu.