Ẹ̀wù Ọmọ Òrukàn

Èmi ni mo kọ́kọ́ ya òmùgọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí Wilf ọkọ mi tó bá mi sọ ọ́. Ìgbà tí àgùntàn ń bímọ ni, ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Kùrukùru bo òkè débi pé ńṣe ni àwọn àgùntàn ń yọ jáde nínú rẹ̀ bí ohun tí èèyàn ń lá lálàá.

Abo àgùntàn kan bímọ, ọmọ náà kú. Nídìí ààrò wa, ọmọ àgùntàn òrukàn kan ń gbọ̀n. Orí òkè ni ìyá rẹ̀ kú sí. Bí kò bá rí ọmú mu láàárọ̀ yẹn, ó ń lọ nìyẹn. Ohun tí àwa darandaran ibí máa ń ṣe ni pé a ó bó awọ òkú ọmọ, a ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ òrukàn bí ẹ̀wù, kí abo náà lè gbóòórùn ọmọ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá tan ẹlòmíràn jẹ lọ́dọ̀ wa, a máa ń ní ó fa irun àgùntàn bò ó lójú. Ti àgùntàn fúnra rẹ̀, imú la máa ń bò.

Àmọ́ òkú ọmọ méjì ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, awò ojú Wilf ni mo sì wọ̀. Èyí tí kì í ṣe ọmọ abo náà ni mo bó. Abo náà gbóòórùn ẹ̀wù, ó ti ọmọ dànù. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, ó kàn mí nídìí. Ìdí mi ò kéré, kò lè tàsé. Mo dojú bolẹ̀ sínú ìgbẹ́ àgùntàn.

"Ìyá àgbà," Wilf ní, "o ò ní dúró kí tíì hó ná kó o tó máa jẹun?"

"Gbé mi dìde, baba játijàti."

Ó bó awọ tó tọ́. A ki ẹsẹ̀ ọmọ òrukàn náà bọ inú rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti ń rọ̀, mo fi ọwọ́ gbé ẹnu rẹ̀ sídìí ọmú. Abo náà ń gbóòórùn ìrù rẹ̀. Ó pẹ́. Kùrukùru rọra gba ẹnu ọ̀nà wọlé, mo sì dà bí ọmọ kékeré tí ìyá rẹ̀ ń gbóòórùn orí rẹ̀ lójú oorun. Lẹ́yìn náà, ọ̀fun abo náà kùn jẹ́jẹ́, ohùn tí wọn kì í fi pe ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ òrukàn ń mu ọmú, ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"A ti fa irun bò ó lójú," mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Wilf ń wo ahọ́n abo náà.

"Iwájú orí ọmọ ló ń lá, Hesba. Awọ yẹn ò débẹ̀. Ṣé o rò pé kò mọ̀?"